Ipò Èdè Yorùbá Nínú Ẹ̀kọ́ Orin, Ìròyìn àti Eré Oníṣe fún Àwọn Ọ̀dọ́: Agbègbè Ìkẹjà àti Agége Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìfáárà

Ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni ayé fi mọ Ìkẹjà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ló dá ibùdó ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kí agbègbè náà tó bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 1967. Láti òpópónà Ọba Akran dé Ọ̀gbà, Agídíngbì àti Orégùn, ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ òbí tó ń gbé Agége ń jí lọ láràárọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé. Dunlop, fún àpẹẹrẹ, dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní ọdún 2008. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe táyà kò lè fọkàn sí i mọ́ pé òun yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá òun. Orin, rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fíìmù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ agbègbè yìí ń wò gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà oúnjẹ.

Kò yani lẹ́nu, nítorí iṣẹ́ náà wà nítòsí wọn. Agídíngbì ni Rédíò Èkó àti tẹlifíṣọ̀n LTV wà. Agbègbè kan náà ni New Afrika Shrine, tí àwọn ọmọ Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ṣí ní ọdún 2000. Ilé Fẹlá ní òpópónà Gbémisọ́lá ní Ìkẹjà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 2012. Ní ọdún 1994, Alágbàdo, tó wà lójú ọ̀nà Agége sí Abẹ́òkúta, ni Raypower, rédíò aládàáni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní Agége fúnra rẹ̀, ilé sinimá ló fún oríta Pen Cinema lórúkọ. Ilé sinimá náà ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró tipẹ́, àmọ́ orúkọ náà kò parẹ́, afárá tí a ṣí síbẹ̀ ní ọdún 2021 pàápàá ń jẹ́ ẹ.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: kí ló yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kọ́ ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ eré jẹun? Èrò tí a ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé èdè ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí, àti pé Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ Yorùbá ní ojúṣe nínú rẹ̀ tí ẹ̀ka mìíràn kò lè bá a ṣe.

Iṣẹ́ Eré Kí Ilé-ẹ̀kọ́ Gíga Tó Dé

Iṣẹ́ eré ti ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kí ìwé ẹ̀rí tó dé. Ọmọ Àyàn a máa kọ́ ìlù lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ọmọ Ọ̀jẹ̀ a máa gbọ́ ẹ̀sà títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945, ìlànà ìkọ́ṣẹ́ náà ni òun àti àwọn tó tẹ̀lé e mú lò. Ọmọ ẹgbẹ́ a máa ru ẹrù, a máa lẹ pátákó ìkéde mọ́ ògiri, a máa lù, a máa jó, títí ọ̀gá yóò fi fún un ní ipa tirẹ̀ lórí ìtàgé. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ọ ní èdè Yorùbá. Èdè náà ló yí i ká láti ìgbà tó ti jí títí di ìgbà tó fi sùn.

Ìpàdé ìlànà yìí pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ gíga wáyé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Owó ìrànwọ́ Rockefeller Foundation ni wọ́n fi dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Eré Oníṣe sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tó ti ń darí ẹgbẹ́ tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, lo oṣù mélòó kan níbẹ̀. Èso rẹ̀ ni eré Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, tí wọ́n fà yọ láti inú ìwé Amos Tutùọlá, tí wọ́n sì ṣe ní ọdún 1963. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ràn án lọ́wọ́ lórí ìtò ìtàgé, iná àti ọ̀ṣọ́. Ní ti èdè, Ògúnmọ́lá gbé e wá láti ilé.

Kókó ọ̀rọ̀ wà níbí. Ìlànà tí a jogún láti ìgbà yẹn gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ ti ní èdè lọ́wọ́ kí ó tó wọlé, àti pé ọgbọ́n iṣẹ́ nìkan ló kù kí a kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí a bí ní Agége tàbí Ìkẹjà lónìí kò gbé e wá mọ́. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, wọ́n ń sọ ọ́ ní àdàlù mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ oríkì, òwe, àkànlò èdè àti kíka ìwé Yorùbá jìnnà sí wọn.

Ibi Tí Ẹ̀kọ́ Wà

Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí kò ṣaláìní ibi tí yóò lọ. Nigerian Institute of Journalism wà ní Ọ̀gbà, níbi tí a ti ń gba ìwé ẹ̀rí ND àti HND. Ilé-ẹ̀kọ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti FRCN wà ní Ṣógunlẹ̀. Ní ọdún 2004 ni Wálé Adénúgà dá PEFTI sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ní ẹ̀ka eré oníṣe àti orin ní Ọjọ́. Ní ọdún 2022, ìjọba Èkó so kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ti Ìjànikin àti ti Nọ́fọríjà pọ̀ di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni (LASUED). Ọdún kan náà ni Terra Academy for the Arts bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrànwọ́ Mastercard Foundation. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń gbé èrò láti Agége àti Ìkẹjà dé Yábàá, èyí tó mú ilé-ẹ̀kọ́ ìhà ibẹ̀ súnmọ́ni.

Ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀, ẹ̀rọ sì ń dára sí i. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, Yorùbá ni a fi ń ṣe é. Ipò mẹ́ta ni èyí ti hàn gbangba.

Ohùn Ọ̀rọ̀ àti Ohùn Orin

Nígbà tí àwọn aṣáájú ìjọ túmọ̀ orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ohùn orin Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ohùn orin kan náà ni a fi ń kọ gbogbo ẹsẹ, bẹ́ẹ̀ ohùn ọ̀rọ̀ ẹsẹ kìíní kò bá ti ẹsẹ kejì mu. Àwọn kan gbìyànjú láti wá ojútùú. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, ṣe orin ìsìn tó bá ohùn Yorùbá lọ. Àwo orin tó ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922 wà lára àwo Yorùbá àkọ́kọ́. Thomas King Ekúndayọ̀ Phillips, tó kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì darí orin ní Kàtídírà Christ ní Èkó láti 1914 dé 1962, kọ ìwé lórí ìdàpọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ àti orin ní ọdún 1953. Ilé-ẹ̀kọ́ Lọ́ńdọ̀nù yẹn kan náà ni Fẹlá lọ lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn kékeré kan: Ọkọ̀ mi dé. Ohùn àárín ni sílébù kìíní, ohùn ìsàlẹ̀ ni ìkejì. Bí akọrin bá kọ méjèèjì lórí nóòtù kan ṣoṣo, ohun tí olùgbọ́ yóò gbọ́ ni Ọkọ mi dé. Ẹni tó ń dúró de mọ́tò ti di ìyàwó lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe ní sítúdíò lè fa ohùn akọrin sórí nóòtù tó yẹ, àmọ́ kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni ó ń pè tàbí ọkọ. Kì í ṣe pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ nígbà gbogbo, nítorí àyíká ọ̀rọ̀ a máa gba olórin là. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ òfin ló mọ ibi tí òun ti lè rú u. Ìdí nìyí tí òwe àti oríkì fi ṣe 9ice láǹfààní ní ọdún 2008 pẹ̀lú àwo Gongo Aso, tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá pàápàá fi ń jó.

Ìwé Ìròyìn Kíkà Lórí Afẹ́fẹ́

Ìṣòro asọ̀rọ̀-lórí-afẹ́fẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Kíkọ́ ni a máa ń kọ ìròyìn kí a tó kà á, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni kò ní àmì ohùn. Olùkàwé ní láti mọ èyí tó tọ́ nínú igba, igbá, ìgbà àti igbà kí ahọ́n rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Òǹkà tún le ju ìyẹn lọ. Bí ìròyìn bá sọ pé ní ọdún 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, olùkàwé tó mọṣẹ́ yóò pè é ní ẹgbàá ọdún ó dín mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó ní láti ṣe ìṣirò náà lọ́kàn láìdánu dúró. Bí kò bá lè ṣe é, yóò sá sínú Gẹ̀ẹ́sì ní àárín gbólóhùn. Bákan náà ni ₦45,000, tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà. Èyí kì í ṣe ẹ̀bùn àbínibí, ìdánrawò ni.

Fíìmù àti Eré Orí Ìtàgé

Òṣèré tó ń ṣe ipa ìyá ọkọ gbọ́dọ̀ mọ bí ìyá ọkọ ṣe ń bá ìyàwó ilé sọ̀rọ̀, ibi tó ti yẹ kí ó pa òwe, àti ibi tí ìdákẹ́jẹ́ ti sàn ju ọ̀rọ̀ lọ. Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí a kì í kà sí: ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń kọ sísàlẹ̀ fíìmù. Báwo ni a ó ṣe túmọ̀ Ẹ kú ewu ọmọ ní ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí ojú lè kà kí àwòrán tó yí padà? Bí atúmọ̀ bá kọ ìkíni lásán, ewu inú rẹ̀ ti sọnù. Ẹni tó mọ èdè méjèèjì dunjú nìkan ló lè ṣe iṣẹ́ yìí, owó sì wà nínú rẹ̀.

Ojúṣe Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ Yorùbá

Òfin ìdáàbòbò àti ìgbélárugẹ èdè Yorùbá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2018 béèrè pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà fi ìlò èdè Yorùbá kún ẹ̀kọ́ gbogbogbòò. Ilẹ̀kùn ni òfin yìí ṣí, àwa olùkọ́ ni yóò wọlé. Ohun mẹ́ta ló ṣe é ṣe.

Èkínní, kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka orin tàbí eré oníṣe jùmọ̀ kọ́ni ní ìlò èdè fún iṣẹ́ eré. Kí kíka ìwé olámì ohùn sókè, òǹkà, fífi ọ̀rọ̀ sí orin, àti ìtumọ̀ fíìmù wà nínú rẹ̀, kí ìdánwò rẹ̀ sì jẹ́ ṣíṣe, kì í ṣe kíkọ nìkan.

Èkejì, kí a pe àwọn ọ̀gá iṣẹ́ wọlé. Ayàn, olóríkì àti àgbà òṣèré tí kò ní ìwé ẹ̀rí lè kọ́ni ní ohun tí kò sí nínú ìwé. Kí a san owó fún wọn, kí a sì pa ohùn wọn mọ́ pẹ̀lú àṣẹ wọn.

Ẹ̀kẹta ni ti akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tó bá lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kò nílò sítúdíò. Kí ó pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ mẹ́rin. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìròyìn ìṣẹ́jú méjì nípa àdúgbò wọn, kí wọ́n fi àmì ohùn sí i, kí wọ́n sì kà á sínú fóònù. Lẹ́yìn náà, kí ẹgbẹ́ mìíràn tẹ́tí sí i láìwo ìwé, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ibi tí ìwé méjèèjì bá ti yàtọ̀ ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà wà.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀rọ yóò máa yí padà. Kámẹ́rà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́ṣẹ́ lónìí lè di ohun àtijọ́ kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí. Èdè kì í bà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí tó ń fi owó tí kò tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ní Agége àti Ìkẹjà ní ẹ̀tọ́ pé kí ọmọ náà jáde pẹ̀lú irinṣẹ́ tó pé. Ògúnmọ́lá gbé èdè wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ tirẹ̀ nínú iṣẹ́ ní láti bá a níbẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá ti wọ́n nílé, iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni láti rí i pé ọmọ rí i mú nílé-ẹ̀kọ́.