Ìléru Tí Ènìyàn Kò Lè Wọ̀: Iṣẹ́ Rọ́bọ́ọ̀tì ní Fukushima

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Hébérù mẹ́ta tí Ọlọ́run pa mọ́ nínú iná ìléru. Ní ayé òde òní, irú ìléru mìíràn wà tí oró rẹ̀ kò ṣeé fi ojú rí: ìléru átọ́míìkì tí ó bàjẹ́ ní Fukushima, ní orílẹ̀-èdè Jàpáánì.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, ìsẹ̀lẹ̀ ńlá wáyé, òkun sì ru bo ibùdó amúnáwá náà. Omi ba àwọn jẹnẹrétọ̀ jẹ́, iná kò sì sí mọ́ láti fi fa omi tí ń mú kí ìléru tutù. Yuréníọ́mù inú ìléru mẹ́ta yọ́. Ó lé ní 150,000 ènìyàn tí ó fi ilé wọn sílẹ̀.

Kí a tó lè palẹ̀ ohun tí ó yọ́ yìí mọ́, a ní láti mọ ibi tí ó wà. Ta ni yóò lọ wò ó? Ní àwọn ibi kan nínú ìléru náà, ìtànṣán olóró lè ṣekú pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi rán rọ́bọ́ọ̀tì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, PackBot, tí a ṣe ní Amẹ́ríkà, wọ inú ilé tí ìléru wà, ó sì fi kámẹ́rà fi àwòrán ránṣẹ́ sí àwọn tí ń darí rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ògiri tí ó nípọn kì í jẹ́ kí ìsọfúnni rédíò kọjá dáadáa, nítorí náà ọ̀pọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì ní ń fa wáyà lẹ́yìn. Wáyà lè há. Ìtànṣán náà sì ń ba kámẹ́rà jẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011, wáyà Quince, rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ará Jàpáánì, bàjẹ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Òmíràn há ní ọdún 2015. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2017, rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan tí ń lúwẹ̀ẹ́ rí ohun tí ó jọ yuréníọ́mù tí ó yọ́ nínú ìléru kẹta. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, wọ́n mú èyí tí kò tó gíráàmù kan jáde láti inú ìléru kejì. Nǹkan bí 880 tọ́ọ̀nù ni a fojú bù pé ó wà nínú ìléru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ kì í ṣe àdánù lásán. A lè ṣe òmíràn. Ta ni yóò ṣe òmíràn fún opó tí ọkọ rẹ̀ kú sẹ́nu iṣẹ́? Ìgbàgbọ́ kò ní kí a máa fi ẹ̀mí ènìyàn dán Ọlọ́run wò. Síbẹ̀, ènìyàn ni ń gbé rọ́bọ́ọ̀tì dé ẹnu ọ̀nà ìléru, tí ó sì ń fi ara wewu. Ẹ jẹ́ kí a máa rántí wọn nínú àdúrà.