Agolo Aáṣáà

Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyá àgbà wa kì í rìn láìso agolo pẹlẹbẹ kan mọ́ kókó ìró rẹ̀. Bí a bá sì ti rí i tí ó fi èékánná ta ìdérí agolo náà lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó ṣí i, tí ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá bù díẹ̀ sínú ètè ìsàlẹ̀, tí ó sì dijú díẹ̀, a ti mọ̀ pé yálà ìtàn dé tàbí ìjà dé, nítorí ìyá náà kì í sọ ọ̀rọ̀ gbígbóná kan kí aáṣáà tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ: lẹ́búlẹ́bú tí a rò pé ọjà ẹ̀bá ilé ni ó ti wá, òkun ni ó là kọjá.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tábà, ewé tí a ń lọ̀ di aáṣáà, ti ṣẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń lò ó kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wọn ní 1492. Ní nǹkan bí 1560, Jean Nicot, aṣojú ọba Faransé ní Lisbon, fi í ránṣẹ́ sí Catherine de' Medici, ìyá ọba, pé oògùn ẹ̀fọ́rí ni. Ara orúkọ ọkùnrin yìí ni a ti rí orúkọ nicotine, oró inú ewé náà. Kò pẹ́ tí aáṣáà fi di bárakú fún tọba tìjòyè, àní fún àwọn àlùfáà pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí Póòpù Urban VIII fi halẹ̀ ní 1642 pé òun yóò yọ ẹnikẹ́ni tí ó bá fà á símú nínú ṣọ́ọ̀ṣì Seville kúrò nínú ìjọ.

Ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ tiwa kò gba ààfin kọjá. Ní agbègbè Cachoeira, ní Bahia ilẹ̀ Brazil, ewé tí ó dára ni wọ́n ń kó lọ sí Lisbon, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọba Pọtogí pa á láṣẹ. Èyí tí ó ya, tí ó lábùkù, ni wọ́n ń lọ́ bí okùn, tí wọ́n ń fi omi dúdú tí ó ń ṣẹ́kù lára ìrèké pa lára, kí wọ́n tó dì í sínú ọkọ̀ wá sí Àjùdá, Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó Àkéte. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i: adùn omi ìrèké yẹn wọ àwọn ará etíkun lára, títí tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pàápàá fi ń wá tábà Bahia kiri kí ọjà tiwọn tó lè tà. Kí ni wọ́n sì ń fi tábà náà rà? Ènìyàn ni, ọmọ bíbí inú àwọn ẹlòmíràn.

Ìyá aláṣáà ni ó mọ ìyókù. Yóò yan ewé gbígbẹ nínú àpáàdì títí yóò fi máa rún wómúwómú, yóò lọ̀ ọ́ lórí ọlọ pẹ̀lú kán-ún, yóò sì jọ̀ ọ́ kí ó lè kúnná. Kán-ún náà kì í ṣe fún adùn lásán, òun ni ó ń jí oró inú ewé. Oníbàárà á gbé díẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́, á fà á símú; bí kò bá sín, á ní kò mú, ìnájà á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ní agboolé wa, ọmọdé kì í ki ọwọ́ bọ agolo àgbà. Àgbà ni ó ń dà á sí àtẹ́lẹwọ́ fún ẹni tí ó bá tọrọ, a kì í sì í fi í du àlejò.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe sìgá ní Òṣogbo ní 1933 ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi aáṣáà sílẹ̀ fún àwọn arúgbó. Sìgá kò sàn jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ni aáṣáà kò mọ́ lọ́wọ́, nítorí àwọn oníṣègùn ti fi yé wa pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu.

Nígbà tí dókítà kan sọ èyí fún ìyá àgbà, ó gbọ́, ó sì da ti inú agolo nù sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n agolo náà kò kúrò ní kókó ìró. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń gbóná bọ̀, á ta á lẹ́ẹ̀mẹta, á ṣí i, á wo inú rẹ̀, á pa á dé, kí ó tó la ẹnu.