Súwẹ́tà Ìyá Mi: Bí A Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Tún Aṣọ Irun Àgùntàn Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Tẹ́lẹ̀ rí, mo máa ń rò pé iye aṣọ nìkan ni òwe yìí ń sọ. Ìgbà tí mo ṣí àpótí kan ní ilé wa ní ìlú Leeds, tí mo rí súwẹ́tà ìyá mi, ni ìtumọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ìyá mi ra súwẹ́tà náà, nígbà tí wọ́n wá sí Ìlú Ọba láti bá mi tọ́jú ọmọ tuntun. Irun àgùntàn gidi ni, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé ẹ̀fọ́ tútù. Nígbà tí wọ́n ń padà sí Ìbàdàn, wọ́n ní kí n bá àwọn tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí àwọn yóò tún wá. Wọn kò tún wá mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí tí wọ́n ti papò dà.

Ihò mẹ́ta ni mo bá lára súwẹ́tà náà: kékeré méjì ní àyà, àti ọ̀kan tó fẹ̀ ní ìgúnpá. Kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ohun tó wà nínú irun orí àti èékánná wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kẹ́rátìn, náà ló wà nínú irun àgùntàn, òun sì ni oúnjẹ ìdin àfòpiná kékeré kan. Àfòpiná náà fúnra rẹ̀ kì í jẹun rárá. Ẹyin ló ń yé sára aṣọ, àwọn ìdin tó bá ti inú rẹ̀ jáde ni ajẹṣọ. Òkùnkùn ni wọ́n fẹ́ràn, aṣọ tí òógùn wà lára rẹ̀ ló sì máa ń fà wọ́n mọ́ra jù. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Mo kó súwẹ́tà náà pamọ́ láìfọ̀ ọ́, nítorí pé n kò fẹ́ kí òórùn ìyá mi kúrò lára rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fi òwú ìránṣọ lásán fa ẹnu ihò ìgúnpá pọ̀. Ojú ibẹ̀ hunjọ, kò sì pẹ́ tí etí rẹ̀ tún fi já. Ìyá àgbà kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a jọ ń gbé àdúgbò, ló là mí lóye. Òwú ìránṣọ kì í nà bí irun àgùntàn ṣe ń nà, ó sì lè máa rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Irun àgùntàn ni kí a fi tún irun àgùntàn ṣe.

Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì sọ aṣọ di ọ̀wọ́n. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà ọdún 1941, ìjọba Bìrìtìkó fi òdiwọ̀n sí aṣọ rírà. Kúpọ́ọ̀nù 66 ni wọ́n fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan fún ọdún àkọ́kọ́. Ní ọdún 1943, ìjọba tẹ ìwé pélébé kan jáde, Make Do and Mend, láti kọ́ àwọn ènìyàn bí wọn yóò ṣe máa tún èyí tí wọ́n ní ṣe. Ọdún 1949 ni òdiwọ̀n náà tó dópin.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ kọ́kọ́ gbé aṣọ náà sínú ọ̀rá, kí ẹ dì í dáadáa, kí ẹ fi sínú fírísà tó tutù dé ìwọ̀n -18 fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹyin àti ìdin lè kú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ. Ẹ má ṣe fi kọ́.

Ẹ wá òwú irun àgùntàn tí kò nípọn ju ti aṣọ náà lọ, àti abẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò mú. Ẹ fi ohun yíyọ̀ tó rí roboto sí abẹ́ ihò náà. Ìdí ife tàbí àdó kékeré yóò ṣe é. Ẹ má ṣe ta kókó sí òwú. Láti ibi tó ṣì lágbára, bíi sẹ̀ntímítà kan sí etí ihò, ẹ máa na òwú lọ, ẹ máa nà án bọ̀, títí yóò fi bo ojú ihò. Ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti yí padà, ẹ fi òwú sílẹ̀ díẹ̀ kó dẹ̀, nítorí pé ó lè sún kì nígbà tí ẹ bá fọ aṣọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dá a ní ìbú: ẹ gba orí òwú kan, ẹ gba abẹ́ èkejì. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, èyí tí ẹ gba orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ ó gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ má fà á le. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn ahunṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà ni: òwú ìta ni wọ́n ń kọ́kọ́ nà, kí òwú ìhun tó gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ìrọ̀lẹ́ méjì ni ìgúnpá náà gbà mí. N kò rí òwú tó bá àwọ̀ ewé náà mu, mo sì lo àwọ̀ aró, èyí tí ìyá mi fẹ́ràn jù. Òórùn wọn ti bá omi lọ, èyí sì dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo ń wọ súwẹ́tà náà báyìí, kò sí nínú àpótí mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ tí wọ́n wá bá mi tọ́jú fọwọ́ kan ìgúnpá mi, ó ní, “Mọ́mì, kí ló dé tí ibí yìí fi yàtọ̀?” Mo gbé e jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ fún un.