Ilé Àfọkọ̀fà Tuntun àti Ìrìn-Àjò Àkọ́kọ́ Rẹ̀ Sílé

Ilé àfọkọ̀fà jẹ́ ilé kékeré onítáyà tó ní ibùsùn, ilé ìdáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti táǹkì omi nínú, ṣùgbọ́n tí kò ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ mìíràn ni a fi ń fà á láti ibì kan sí ibòmíràn. Travel trailer ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, caravan ni àwọn ará Britain ń pè é, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí tírélà akẹ́rù tí gbogbo èrò ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn mọ̀. Agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2021, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé máa sá fún òtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ òfuurufú, iye ọkọ̀ ìgbafẹ́ onílé tí àwọn ilé-iṣẹ́ kó ránṣẹ́ sí ọjà lé ní 600,000, irú èyí tí a ń fà ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ohun díẹ̀ ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fa irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwé ìwakọ̀ lásán ti tó. Ní Britain, láti ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni ìjọba ti fàyè gba ẹni tó yege ìdánwò ìwakọ̀ láti ọdún 1997 wá láti fa ẹrù tó wúwo tó kìlógíráàmù 3,500 láìṣe ìdánwò mìíràn. Nítorí náà, ẹni tí kò fa ohunkóhun rí lè ra ilé tó gùn tó mítà méje lówùúrọ̀, yálà ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston ni tàbí ará ibẹ̀ gan-an, kí ó sì máa fà á lọ lójú títì ńlá lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Síbẹ̀, ọgbọ́n ọwọ́ awakọ̀ nìkan kọ́ ló ń pinnu bóyá yóò délé láyọ̀. Ìwúwo ló ń pinnu èyí tó pọ̀ jù: bí ó ti pọ̀ tó, ibi tó dúró sí, àti ohun tó gbé e ró, gbogbo èyí ni a sì lè ṣírò kí táyà tó yí rárá.

Ìṣirò tó yẹ kó ṣáájú owó sísan

Nọ́ḿbà kan wà tí àwọn tó ń polówó ọkọ̀ fẹ́ràn láti máa pariwo, ìyẹn agbára ìfà, tó ń sọ bí ẹrù tí ọkọ̀ lè fà ṣe lè wúwo mọ. Nọ́ḿbà yìí ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó, nítorí pé ilé àfọkọ̀fà kì í kàn tẹ̀lé ọkọ̀ lẹ́yìn; apá kan nínú ìwúwo rẹ̀ gun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. A lè pe apá yìí ní ẹrù ọrùn, èyí tí í ṣe ìwúwo tí ọrùn ilé náà, ìyẹn irin gígùn tó yọ síwájú rẹ̀, fi ń tẹ ìkọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹrù ọrùn ń jẹ nínú àyè ẹrù ọkọ̀, àyè kan náà tí awakọ̀, àwọn èrò àti àpótí wọn ń jẹ. Ní Amẹ́ríkà, ìwé pélébé kan wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ tó ń sọ iye tí àpapọ̀ ìwúwo èrò àti ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá, ìwé yìí ni ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ilé àfọkọ̀fà kọ́kọ́ lọ kà.

Bí àpẹẹrẹ, kí a ní agbára ìfà ọkọ̀ kan jẹ́ kìlógíráàmù 4,000, kí ilé tí oní-nǹkan fẹ́ rà sì wọn 3,200 nígbà tí ẹrù bá pé inú rẹ̀. Lójú ẹni tó ń wo nọ́ḿbà ìpolówó, àyè ṣì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹrù ọrùn bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ìwúwo yẹn, ó ti di 400. Bí àyè ẹrù tí ìwé ara òpó ilẹ̀kùn fọwọ́ sí bá sì jẹ́ 650, 250 péré ló kù fún ohun gbogbo tó wà nínú ọkọ̀. Àgbàlagbà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn 75 yóò ti fi 50 kọjá ààlà kí wọ́n tó gbé ike omi kan wọlé, láì tíì ka irin ìkọ́ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Báyìí ni àyè ẹrù ṣe ń tán nígbà tí agbára ìfà ṣì kù rẹpẹtẹ.

Nọ́ḿbà méjì ló tún wà lára ilé náà fúnra rẹ̀. Èkíní ni ìwúwo òfìfo, bí ilé ṣe jáde láti ilé-iṣẹ́ láìsí omi, aṣọ tàbí oúnjẹ, nígbà mìíràn láìsí bátìrì tí olùtajà wá gbé sí i lẹ́yìn; èkejì ni ìwúwo tí olùṣe sọ pé kò gbọdọ̀ kọjá láéláé, tí wọ́n ń fi GVWR pè ní ìkékúrú. Èkejì ni ó yẹ kí a fi ṣírò, nítorí kò sí ìdílé tó ń fi ilé òfìfo rìnrìn-àjò. Lítà omi kan wọn kìlógíráàmù kan, èyí tó túmọ̀ sí pé táǹkì tó gba lítà 190 ti fi kìlógíráàmù 190 kún ẹrù kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìkòkò wọlé, ìdí sì nìyí tó fi dára kí àwọn táǹkì ṣófo ní ọjọ́ tí a bá ń fà á lọ sílé. Ẹni tí kò bá fẹ́ méfò lè wa ọkọ̀ pẹ̀lú ilé náà gun ìwọ̀n ńlá tó wà ní ọ̀pọ̀ ibùdó tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù ti ń sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Amẹ́ríkà.

Ìdí tí ẹ̀yìn ilé fi ń jù

Ẹrù ọrùn tó pọ̀ jù léwu, ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù tún burú jù ú lọ. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé ní Amẹ́ríkà ni pé kí ó wà láàárín ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ ìwúwo ilé náà. Ní Britain, níbi tí àwọn ilé àfọkọ̀fà ti fúyẹ́ jù, ìdá 5 sí 7 ni wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn. Bí ìwúwo bá fì síwájú táyà ilé náà díẹ̀, ilé yóò máa fúnra rẹ̀ padà sójú ìlà lẹ́yìn ọkọ̀ nígbàkígbà tí ohun kan bá tì í. Bí ó bá fì sẹ́yìn, ó dà bí ẹni tó ru pákó gígùn léjìká tí ẹ̀yìn pákó wúwo ju iwájú lọ: atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ ńlá tó sáré kọjá, tàbí ìtọ́kọ̀ tí a yí lójijì yóò mú kí ìdí rẹ̀ jù sọ́tùn-ún, yóò jù sósì, ìjù kejì á sì ju èkíní lọ. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìjù náà kì í tètè rọlẹ̀, títí tí yóò fi dé orí eré kan tí kò ní rọlẹ̀ mọ́ rárá, tí ilé yóò máa darí ọkọ̀ dípò kí ọkọ̀ máa darí ilé.

Nítorí náà, ohun tó wúwo gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, nítòsí òkè táyà tàbí síwájú rẹ̀ díẹ̀, kí a má sì so kẹ̀kẹ́ tàbí jẹnẹrétọ̀ mọ́ ìdí ilé láìṣírò ohun tí yóò mú kúrò lórí ọrùn. Ní ìdà kejì, ẹrù ọrùn tó tó ìwọ̀n pàápàá lè tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí iwájú gbé sókè, kí táyà iwájú tó ń darí ọkọ̀ má lè di ilẹ̀ mú dáadáa. Ìkọ́ apínwúwo ni wọ́n fi ń yanjú èyí. Ọ̀pá irin méjì tó le tó sì ń tẹ̀ bíi sípíríǹgì ni ó ní, tí ń dá apá kan ìwúwo náà padà sórí táyà iwájú ọkọ̀ àti sórí táyà ilé. Kì í dín ẹrù kù, kì í sì í sọ ọkọ̀ kékeré di ńlá. Ara ọkọ̀ tí yóò fa ilé gan-an ni olùtajà gbọ́dọ̀ ti tò ó, títí ọkọ̀ àti ilé yóò fi dúró ní ìbámu lórí ilẹ̀ títẹ́jú.

Ìsopọ̀, bíréèkì àti táyà

Orí ìkọ́ ọkọ̀ jẹ́ irin roboto bíi bọ́ọ̀lù, ẹnu ọrùn ilé ni ó sì ń wọ̀. Ìwọ̀n bọ́ọ̀lù náà gbọ́dọ̀ bá ẹnu ọrùn mu, nítorí ẹnu oníǹṣì 2 5/16 lè gun bọ́ọ̀lù oníǹṣì 2, kí ó dà bí ẹni pé ó ti tì, kí ó sì fò yọ nínú kòtò àkọ́kọ́. Lẹ́yìn títì í, kí a fi jáàkì gbé ọrùn ilé sókè díẹ̀: bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá bá a gòkè, ó ti mú. Ẹ̀wọ̀n méjì tó wà lára ọrùn ilé ni a ó fi kọ́ ara wọn kọjá lábẹ́ ọrùn, kí ọrùn lè já lé wọn lórí dípò kí ó rọ́ mọ́ ọ̀dà bí ìkọ́ bá yọ. Lẹ́yìn èyí ni a ó ki wáyà iná bọ ojú ihò rẹ̀, tí ẹnì kan yóò sì dúró sẹ́yìn láti wo iná bíréèkì àti tiráfíketà.

Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló pa á láṣẹ pé kí ẹrù àfàlẹ́yìn tó bá ju páùn 3,000 lọ, ìyẹn nǹkan bíi kìlógíráàmù 1,360, ní bíréèkì tirẹ̀. Bíréèkì oníná ló wọ́pọ̀ níbẹ̀, àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ni ó sì ń darí rẹ̀; ní Britain, bí ọkọ̀ bá dẹwọ́ eré, ilé yóò tì í láti ẹ̀yìn, títì yẹn gan-an ni yóò sì mú kí bíréèkì ilé di táyà mú. Ẹni tó ní àpótí adarí bíréèkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò ní pápá òfìfo lórí eré jẹ́jẹ́, nítorí bí agbára rẹ̀ bá kéré jù, ilé yóò máa ti ọkọ̀ síwájú, bí ó bá sì pọ̀ jù, táyà ilé yóò tì gbagba, yóò sì máa wọ́ nílẹ̀. Wáyà tín-ín-rín kan tún wà tó ń fa bíréèkì ilé fúnra rẹ̀ bí ìsopọ̀ bá já; ara ọkọ̀ ni a ń so ó mọ́, kì í ṣe ara ìkọ́ tó ṣeé yọ.

Tuntun kò túmọ̀ sí pé táyà kò ní àbùkù, nítorí ilé lè ti dúró pẹ́ nínú oòrùn lọ́gbà olùtajà. Nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára àmì DOT ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe táyà, tó fi jẹ́ pé 3522 jẹ́ ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2022. Ìgbà tí táyà bá tutù ni a ń wọn atẹ́gùn rẹ̀, iye tí ìwé ara ilé náà sọ ni a sì ń fún un. Nọ́ọ̀tì táyà tuntun tún máa ń dẹ̀ bí irin ṣe ń jókòó sára irin, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dámọ̀ràn pé kí a tún un dè lẹ́yìn máìlì 10, 25 àti 50.

Lójú ọ̀nà

Àpapọ̀ ọkọ̀ àti ilé kì í tètè dúró, kì í sì í tètè gbéra, fún ìdí èyí àlàfo tó wà láàárín òun àti ọkọ̀ iwájú gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì èyí tí awakọ̀ ti mọ̀ lára. Bí ó bá fẹ́ yà, kí ó kọ́kọ́ lọ síwájú díẹ̀, nítorí táyà ilé máa ń gé igun mọ́ ara. Ní California, máìlì 55 ní wákàtí kan ni òfin fún gbogbo ọkọ̀ tó ń fa ẹrù. Ní Britain, 60 ni lórí títì ńlá, 50 sì ni lójú ọ̀nà tí kò sí ohun tó pín in sí méjì láàárín, ẹni tó ń fa ilé kò sì gbọdọ̀ wọ ìlà ọwọ́ ọ̀tún pátápátá lórí títì ńlá onílà mẹ́ta. Gáàsì ìdáná gbọ́dọ̀ wà ní títì. Àwòrán ọ̀nà inú fóònù kì í sábà mọ gíga ilé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé àfọkọ̀fà ga ju mítà mẹ́ta lọ. Ní New York, àwọn títì tí wọ́n ń pè ní parkway kò gba ẹrù àfàlẹ́yìn rárá, afárá wọn sì rẹlẹ̀.

Bí ẹ̀yìn ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù, ohun tí ọkàn kọ́kọ́ ń sọ ni ó léwu jù: títẹ bíréèkì gbagba, yíyí ìtọ́kọ̀ láti fi bá ìjù náà jà, tàbí fífi tọ́rótù sí i. Kí awakọ̀ ká ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, kí ó di ìtọ́kọ̀ mú lójú kan náà, kí ó sì fi ọwọ́ tẹ bíréèkì ilé nìkan láti ara àpótí adarí bí ó bá ní in. Lẹ́yìn tí ó bá rọlẹ̀, kí ó dúró níbi tó láàbò, kí ó tún ẹrù tò, nítorí ohun tó fa ìjù náà ṣì wà níbẹ̀, yóò sì tún padà wá.

Nígbà tí ilé bá dé ẹnu ọ̀nà, ìfàsẹ́yìn ló kù. Bí a bá fi ọwọ́ di ìsàlẹ̀ ìtọ́kọ̀ mú, ibi tí ọwọ́ bá lọ ni ìdí ilé yóò lọ. Kí ẹnì kan sì dúró lẹ́yìn níbi tí awakọ̀ ti lè rí i nínú dígí. Kí a fi igi dá táyà ilé dúró kí a tó tú ìkọ́.

Ẹni tí ìṣirò kò bá fara mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lè sanwó fún awakọ̀ tó ní ọkọ̀ ńlá láti bá a gbé ilé náà délé, ọ̀pọ̀ olùtajà ni yóò sì bá a wá a. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò kan ṣoṣo ni owó yẹn yanjú. Ọkọ̀ tirẹ̀ kan náà ni yóò fa ilé lọ sí ìrìn-àjò kejì, nígbà tí táǹkì ti kún, tí aṣọ àti oúnjẹ ti wọlé, tí àwọn ọmọ sì jókòó sẹ́yìn. Ibi ìwé ara òpó ilẹ̀kùn ni ó yẹ kí ìrajà ti bẹ̀rẹ̀, kí ilé sì wá bá ọkọ̀ mu, dípò kí a ra ilé tán kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò fà á.