Bí Wọ́n Bá Fẹ́ Lé Ẹni tó Wá Ààbò Padà: Kí ni Àtìlẹ́yìn Wa Lè Ṣe?



Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ẹbí wa tó wà lókè òkun kì í fẹ́ sọ síta: ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Ẹni tí a jọ ń kírun nínú sàfù kan náà lè ti gba lẹ́tà pé kí ó máa padà lọ sí ìlú rẹ̀, kí ó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí jamáà tó gbọ́, wọ́n ti mú un lọ. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lónìí nìyí: bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ṣé àtìlẹ́yìn ará àdúgbò lè yí nǹkan kan padà, àbí ariwo lásán ni?

Ta ni ẹni tó ń wá ààbò?

Òun ni ẹni tó sá kúrò nílùú rẹ̀ nítorí inúnibíni, tó sì ń bẹ ìjọba ìlú mìíràn pé kí wọ́n gba òun. Àdéhùn àgbáyé lórí ogúnléndé, tí wọ́n ṣe ní Geneva ní ọdún 1951, sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ dá ogúnléndé padà síbi tí ẹ̀mí tàbí òmìnira rẹ̀ ti wà nínú ewu nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí èrò òṣèlú rẹ̀. Bìrìtéènì àti Nàìjíríà wà lára àwọn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá sọ pé ọ̀rọ̀ ẹni náà kò fìdí múlẹ̀, wọ́n lè lé e. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò lè ṣàṣìṣe, ẹni náà lè má rí lọ́yà, ẹ̀rí tó wà nílé sì lè pẹ́ kó tó dé. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ìjọba kọ̀ ni ilé ẹjọ́ ti wá dá láre lẹ́yìn náà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa

Nígbà tí ìyà pọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ ní Mọ́kà, Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí àwọn kan lọ sí ilẹ̀ Habasha. Àwọn Kuraeṣi rán ‘Amr ọmọ al-‘Āṣ àti ‘Abdullāh ọmọ Abī Rabī‘ah tẹ̀lé wọn, pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ́wọ́, kí ọba Najāshī lè fà wọ́n lé wọn lọ́wọ́. Ọba náà ní òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ láìgbọ́ tẹnu àwọn tó sá wá. Ja‘far ọmọ Abī Ṭālib sọ̀rọ̀, ó sì ka nínú Sūrah Maryam fún un. Ọba kọ̀, kò dá wọn padà.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i: agbẹjọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Ohun tó gba àwọn Sàhábà wọ̀nyí ni pé ẹnìkan fún wọn láyè láti sọ tẹnu wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni títí di òní. Àtìlẹ́yìn ará ìlú kì í fún èèyàn ní ìwé ìgbélùú. Àyè àti àkókò ni ó ń wá fún un, kí wọ́n lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ dáadáa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Glasgow

Ní ọdún 2005, wọ́n já wọ ilé ìdílé kan láàárọ̀ kùtù ní ìlú Glasgow, lórílẹ̀-èdè Scotland, wọ́n sì kó wọn lọ sí àtìmọ́lé. Ẹ̀yà Roma láti Kosovo ni wọ́n. Ọmọ wọn obìnrin ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gírámà Drumchapel. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò dákẹ́. Àwọn mìíràn nínú wọn náà jẹ́ ọmọ ẹni tó ń wá ààbò. Pẹ̀lú olùkọ́ wọn kan, wọ́n gba ìbuwọ́lùwé láti ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Scotland. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìdílé náà padà sí Glasgow. Wọn kò kí agbára ẹnikẹ́ni, ohun tí wọ́n sọ ni pé, “A mọ ọmọ yìí.”

Ọdún 16 lẹ́yìn náà, ní ìlú kan náà, ní May 13, 2021, tí í ṣe ọjọ́ ọdún ìtúnu ààwẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n mú ọkùnrin méjì ọmọ orílẹ̀-èdè India ní òpópónà Kenmure, ní àdúgbò Pollokshields tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí. Àwọn yìí kì í ṣe ẹni tó ń tọrọ ààbò. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú wọn. Ọkùnrin kan wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, ó sùn síbẹ̀ kó má bàa lè lọ. Àwọn aládùúgbò yí ọkọ̀ ká títí wọ́n fi di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ, ọlọ́pàá ní kí wọ́n fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹjọ́ ìwé wọn kò tán lọ́jọ́ náà. Lọ́yà ló kù tó máa ṣe é.

Ọkọ̀ òfurufú tó ń bọ̀ ní Nàìjíríà

Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ti ọdún 2017. Ní March 28, èèyàn 15 so ara wọn mọ́lẹ̀ yí ọkọ̀ òfurufú kan ká ní pápákọ̀ Stansted. Nàìjíríà àti Ghana wà lára ibi tí ọkọ̀ náà fẹ́ kó èèyàn 60 lọ. Kò gbéra lóru náà. Nígbà tó yá, 11 nínú àwọn 60 náà ṣì wà ní Bìrìtéènì, nítorí pé wọ́n ráyè gbé ẹjọ́ wọn síwájú.

Ṣùgbọ́n ó ná àwọn tó dí ọkọ̀ lọ́nà ní nǹkan. Ní December 2018, wọ́n dá wọn lẹ́bi lábẹ́ òfin tó wúwo gan-an lórí ààbò pápákọ̀. Ní January 2021 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó fagi lé ìdájọ́ náà. Nítorí náà, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ dínà ọkọ̀. Kí ẹni tí ìwé tirẹ̀ kò tíì dúró sì ṣọ́ra, nítorí pé bí wọ́n bá mú un, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́ sí i.

Kí ni kí á ṣe?

Àkọ́kọ́, kí a tètè wá lọ́yà. Ní Bìrìtéènì, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ máa gba èèyàn nímọ̀ràn lórí ẹjọ́ ìmígíréṣọ̀n. Bí àlùfáà tàbí ẹ̀gbọ́n kan ní mọ́sáláṣí bá sọ pé òun mọ ọ̀nà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ.

Èkejì, kí a kọ lẹ́tà ẹ̀rí, àmọ́ òtítọ́ nìkan ni kí a kọ síbẹ̀: ìgbà tí a ti mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ tó ń ṣe láàárín wa, ilé ìwé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ. Ọlọ́hun pa á láṣẹ nínú Sūrah an-Nisā’ (4:135) pé kí á jẹ́rìí òdodo, kódà bó bá tako àwa fúnra wa. Irọ́ kan ṣoṣo lè ba gbogbo ẹjọ́ jẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ má gbé àwòrán tàbí ìtàn rẹ̀ sí Facebook láìgba àṣẹ rẹ̀ àti ti lọ́yà rẹ̀. Àwọn tó sá fún nílé lè rí i.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá wà ní àtìmọ́lé, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ràn án lọ́wọ́ láti tọrọ béèlì, ẹ dúró gẹ́gẹ́ bí onídùúró bí ẹ bá lágbára rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò yín.

Ó lè jẹ́ pé gbogbo èyí kò ní dí ìlélọ náà lọ́wọ́. Èyí kò sọ iṣẹ́ wa di òfo. Kí ẹbí rẹ̀ má dá sunkún, kí nọ́ńbà tẹlifóònù wa sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá balẹ̀, ìyẹn náà jẹ́ àtìlẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kí lẹ́tà tó dé. Kí á máa mọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nínú sàfù, kí á sì máa béèrè bó ṣe ń ṣe, torí pé ẹni tí a kò mọ̀, a kò lè jẹ́rìí fún un.

Kí Ọlọ́hun dáàbò bo gbogbo ẹni tó wà lájò. Àmín.