Fàdákà Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ọtí Jóná Tán

Ẹ ṣáná sí mẹ́tánóòlù, ọtí olóró tí ènìyàn kì í mu, yóò jó di omi àti gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́síàìdì. Ìyẹn kò le. Iṣẹ́ ńlá ni kí ọ́síjìn gba háídírójìn méjì lára ọtí náà, kó sì dúró síbẹ̀. Bó bá dúró, fọmadíháìdì la ó rí. Òun ni wọ́n ń pò mọ́ omi tó ń di fọmalíìn tí a fi ń tọ́jú òkú, òun náà ló sì wà nínú gúlú tó so pláíwúùdù pọ̀.

Láti bíi 1910 ni àwọn ará Jámánì ti ń fi fàdákà ṣe iṣẹ́ yìí. Fàdákà ni kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń mú kí kẹ́míkà tètè yí padà láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ bá a lọ. Nínú iléeṣẹ́, wọ́n á tẹ́ hóró fàdákà sílẹ̀, kò ní nípọn ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ, ooru rẹ̀ á wà láàárín 600 sí 700 Celsius. Gáàsì á gba ibẹ̀ kọjá kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé, wọ́n á sì mú un tutù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí fọmadíháìdì tó bá pẹ́ nínú ooru yóò fọ́. Ìyára yìí ló wú mi lórí jù nínú gbogbo ètò náà.

Àmọ́ ooru ọ̀hún ń ba fàdákà jẹ́. Òótọ́ ni pé ó di 962 kó tó yọ́, ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìyẹn ni àwọn hóró rẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ra, tí ojú tí gáàsì lè fara kàn á sì ń dínkù. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wá fàdákà oníhò. Àwọn kan ń tẹ̀ ẹ́ sínú ihò sílíkà. Àwọn mìíràn ń yọ́ ọ pọ̀ mọ́ alumíníọ̀mù, wọ́n á wá fi ásíìdì jẹ alumíníọ̀mù náà kúrò, fàdákà á sì ṣẹ́kù pẹ̀lú ihò wẹẹrẹ bíi kànìnkànìn. Ihò tó bá kéré jù tún níṣòro tirẹ̀: ohun tí a fẹ́ á há síbẹ̀, ọ́síjìn á sì jó o kọjá ààlà.

Síbẹ̀, ó tọ́ kí wọ́n máa bá ìwádìí fàdákà oníhò lọ. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi kírómíọ̀mù tó ń fa jẹjẹrẹ sọ àwọn irú ọtí mìíràn di èròjà lọ́fínńdà àti oògùn. Bó bá jẹ́ fàdákà àti afẹ́fẹ́ lásán ni, omi ni yóò ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n bí fàdákà iléeṣẹ́ bá rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọn á kó o, wọn á fi iná mànàmáná yọ́ ọ mọ́, wọn á sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó fọ́n ká sínú sílíkà kò rọrùn láti gbà padà bẹ́ẹ̀.