Bí Ẹ̀rọ Bá Dá Èsúsú

Ní ọjà Bouaké, láàárín àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní Ànàgó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Èjìgbò, kò sí ẹni tí à ń ṣàlàyé èsúsú fún. Ká ní èèyàn mẹ́wàá ń dá 10,000 séfà lọ́sẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti gba 100,000, ó sì ku 90,000 tí yóò dá. Ọkọ̀ Abidjan ń lọ lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ owó nìkan ló ń ṣírò, kí ló dá a dúró?

Àwọn kan á ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni. Mo gbà, àmọ́ ìṣirò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n mọ agbo ilé bàbá rẹ̀ ní Èjìgbò. Kó tó dé Abidjan, fóònù á ti ṣáájú rẹ̀. Ta ló tún máa tajà àwìn fún un?

Ẹ̀rọ kò ní agbo ilé. Ṣé òótọ́ inú lè pé e? Ní nǹkan bíi 1980, Robert Axelrod ní Yunifásítì Michigan ní kí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ètò kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ wá díje. Méjì-méjì ni wọ́n ń kojú ara wọn, ìgbà 200. Nígbà kọ̀ọ̀kan, kálukú á yàn bóyá òun á ṣòótọ́ tàbí òun á dalẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ṣòótọ́, máàkì 3 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà. Bí ẹnì kan bá rẹ́ èkejì jẹ, ọ̀dàlẹ̀ gba 5, ẹni tí wọ́n dà gba òfo. Bí wọ́n bá jọ dalẹ̀, 1, 1. Ètò 14 ló wọlé. Èyí tó kúrú jù, tí Anatol Rapoport fi ránṣẹ́ láti Toronto, ló borí: ó kọ́kọ́ ṣòótọ́, lẹ́yìn náà ohun tí ẹnìkejì bá ṣe fún un ló máa san padà. Ní ìdíje kejì, ètò 62 ló dé, gbogbo wọn ti mọ ẹni tó borí. Òun náà ló tún borí. Ohun tó sì dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé kò fìgbà kan gba máàkì ju ẹni tó ń bá díje lọ. Àpapọ̀ ló fi ta wọ́n yọ.

Àwọn tó ń pàdé léraléra nìyẹn. Peter Danielson, onímọ̀ ọgbọ́n orí ní Kánádà, wo àwọn tí yóò pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú ìwé rẹ̀ Artificial Morality ní 1992. Ó jẹ́ kí ètò kọ̀ọ̀kan lè ka inú èkejì kó tó pinnu. Èyí tó jiyàn fún jù ni ètò tó ń bá ẹni ṣòótọ́ kìkì bí òótọ́ ẹni náà bá dúró lórí tirẹ̀. Bó bá rí ẹni tí kò ní dalẹ̀ láéláé, ohun yòówù kí wọ́n ṣe fún un, ó rẹ́ ẹ jẹ ni.

Mi ò lè gba ìyẹn ní ọgbọ́n. Ìyá àgbà tí kì í janu wà nínú gbogbo èsúsú, ẹni tó bá sì fo ìyá náà dá, àwọn tó kù ń wò ó. Ètò méjì péré ló ń kojú ara wọn nínú eré Danielson, kò sí òǹwòran, kò sì sí onígbọ̀wọ́ tí yóò san án bí ẹni tó mú wá bá sá. Ní báyìí tí ẹ̀rọ ti ń bá èèyàn dúnàá-dúrà, bó bá rẹ́ni jẹ, ta ni yóò san án, ẹni tó ṣe é àbí ẹni tó rán an? Bó bá dájú pé ẹni tó ṣe é ni, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ sínú ètò ẹ̀rọ náà pé àdánù ni rírẹ́ aláìlẹ́nu jẹ.